Bátìrì Ọkọ̀ Kún, Ilẹ̀kùn Kò Ṣí: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́

Inú mi kò tíì rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà ẹ má bínú bí ohùn mi bá le díẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mi, èyí tó ń lo iná mànàmáná, tì mí mọ́ ìta ní ìdájí, ní ọjọ́ gan-an tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún màmá mi. Mo ń kọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní irú ipò tí mo wà: ẹ̀yin tí ilé yín jìnnà sí gbogbo ibi tí ẹ ń lọ, tí bọ́ọ̀sì kì í dé àdúgbò yín kí ilẹ̀ tó mọ́, tí fóònù yín sì ti di kọ́kọ́rọ́, àpamọ́wọ́ àti atọ́nà yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ó ti mọ ibi tí mo ń lọ kí n tó sọ ọ́ tán.

Ó pẹ́ tí màmá ti ń retí ọjọ́ yẹn. Wọ́n ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi nǹkan kan sẹ́nu láti alẹ́, àti pé kí a ti dé ilé ìwòsàn kí aago méje àárọ̀ tó lù. Láti ìrọ̀lẹ́ ni mo ti fi ọkọ̀ sí ẹnu iná, kí n sì tó sùn, mo yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù, mo rí i pé ó ti kún, 100%. Ní ìdájí, mo di màmá mú lọ́wọ́, a jáde. Mo tẹ fóònù kí ilẹ̀kùn lè ṣí, kò ṣí. Mo tún un tẹ̀. Ọwọ́ ilẹ̀kùn náà, èyí tó máa ń yọ jáde fúnra rẹ̀ nígbà tí mo bá sún mọ́ ọn, dákẹ́ sínú ara ọkọ̀, kò sí ibi tí ìka lè gbá a mú. Áàpù náà ń wá, ó ń wá, nígbà tó yá ó kọ ọ́ sójú fóònù pé òun kò rí ọkọ̀ náà mọ́, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ náà wà níwájú mi, ọwọ́ mi wà lórí rẹ̀.

Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n ní kí oníbàárà pè. Ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ kí mi káàárọ̀, ó sì gbà mí nímọ̀ràn pé kí n lo áàpù. Nígbà tí mo rí èèyàn gidi bá sọ̀rọ̀, ó ní ọkọ̀ tí yóò wá gbé tèmi lè dé kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo wá awakọ̀ lórí áàpù mìíràn, kò sí ẹnì kankan nítòsí ní wákàtí yẹn. Mo kan ilẹ̀kùn aládùúgbò, wọn kò sí nílé. Ní gbogbo àsìkò yìí, màmá dúró nínú òtútù, wọ́n fi ọ̀pá wọn tẹlẹ̀, wọn kò sì ráhùn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bi mí ni pé, "Ọmọ mi, ṣé ọkọ̀ yìí ṣì ń sùn ni?" Ẹ̀rín gbé mi, ẹkún sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí aago méje kọjá, nọ́ọ̀sì kan pè. Ohùn rẹ̀ tutù, kò bínú sí wa, ṣùgbọ́n ó ní àwọn ti fi ẹlòmíràn sí àyè màmá, àwọn yóò sì fi ọjọ́ mìíràn ránṣẹ́. Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí mo ti jẹ́ kí ohùn fóònù náà jáde síta. Wọ́n yí padà láìsọ̀rọ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá wá ojú ọ̀nà ilé, ojú tó yẹ kí wọ́n bá wọn tún ṣe ní àárọ̀ yẹn ni wọ́n sì fi ń wá a. Mo lè gbàgbé ohun tí ọkọ̀ náà ṣe sí èmi. Èyí tí ó ṣe sí wọn ni n kò lè gbàgbé.

Bí a ṣe yanjú rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Mẹkáníìkì kan dé, ó fi bátìrì alágbèéká kan jí ọkọ̀ náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó pààrọ̀ bátìrì kékeré inú rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n ti fún màmá ní ọjọ́ tuntun.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ wà nínú bátìrì kékeré yẹn. Bátìrì méjì ló wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ oníná. Èyí ńlá tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, tí agbára rẹ̀ sábà máa ń tó nǹkan bíi volt 400, ló ń yí táyà. Èkejì, tó jẹ́ volt 12, ló ń ṣí ilẹ̀kùn, òun ló ń jí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, òun náà ló sì ń jẹ́ kí iná bátìrì ńlá rí ọ̀nà jáde. Bí kékeré bá kú, iná inú ńlá ìbáà kún títí dé ẹnu, kò sí ohun tí ẹ lè fi ṣe. Ohun tí mẹkáníìkì náà sọ fún mi ni pé kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ mi kì í sùn dáadáa lóru, torí ó ń bá áàpù àti íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀, ó sì ń fa bátìrì kékeré náà gbẹ díẹ̀díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ǹ bá ti ra ọkọ̀ elépo, ẹ jọ̀wọ́, ọkọ̀ elépo náà ní bátìrì volt 12, ó sì máa ń kú lójijì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ àtijọ́ ní ihò kọ́kọ́rọ́ tí gbogbo ojú rí.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó ọkọ̀, ẹ béèrè ibi tí ẹ ó gbà wọlé bí iná bá tán pátápátá. Nínú ọ̀pọ̀ kọ́kọ́rọ́ alátẹ̀, kọ́kọ́rọ́ onírin tín-ínrín kan wà tí wọ́n fi pamọ́ sínú rẹ̀, ihò rẹ̀ sì lè wà lábẹ́ ìdérí kan lára ilẹ̀kùn. Àwọn ọkọ̀ mìíràn kò ní ihò rárá, ṣùgbọ́n wọ́n ní wáyà méjì kékeré lẹ́yìn ìdérí kan níwájú ọkọ̀, tí ẹ bá so iná volt 12 mọ́ wọn, ibi tí wọ́n ń ṣí níwájú yóò ṣí. Ọ̀sán gangan ni kí ẹ ti wá a rí, kí ẹ sì gbìyànjú rẹ̀.

Èkejì fẹ́ jọ ti àkọ́kọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo ní láti sọ ọ́: ẹ má fi gbogbo kọ́kọ́rọ́ yín sínú fóònù. Ohun tí a rà tí a rò pé ó ti di tiwa, ọwọ́ ẹlòmíràn ṣì wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2022, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Amẹ́ríkà pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì 3G, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ṣì ń rìn dáadáa pàdánù ìpè pàjáwìrì wọn, láìsí pé ohunkóhun bàjẹ́ lára wọn. Ní ọdún yẹn kan náà, BMW ń gba owó oṣooṣù ní àwọn orílẹ̀-èdè kan kí ìjókòó ọkọ̀ tó lè gbóná, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tó ń mú un gbóná ti wà nínú ìjókòó náà láti ilé-iṣẹ́. Nígbà tó di 2023, wọ́n jáwọ́ níbẹ̀. Ní 2023 yẹn náà ni Mozilla Foundation, àjọ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yẹ irú ọkọ̀ 25 wò bóyá wọ́n ń dáàbò bo àṣírí ẹni tó ń wà wọ́n, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo tó yege.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan bi mí pé kí ló kan òṣèlú nínú bátìrì tó kú. Ó kàn án gidigidi. Okùn USB-C tí ọ̀pọ̀ yín fi ń gba iná sí fóònù lónìí, òfin ló sọ ọ́ di dandan fún fóònù tuntun ní orílẹ̀-èdè àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù láti òpin ọdún 2024. Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ní 2012 àti ní 2020, àwọn ará ìlú fúnra wọn ló dìbò pé kí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fún mẹkáníìkì aládàáni láǹfààní láti rí ohun tí wọ́n nílò láti tún ọkọ̀ ṣe. Ẹni tó bá ní òfin kò dé inú ẹ̀rọ, kò tíì wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí tí mo ti sọ, ẹ lè gbàgbé rẹ̀ bí ẹ bá rántí eléyìí: ní ìdájí yẹn, kì í ṣe pé ọkọ̀ mi kọ̀ ló kó wa sínú ìyọnu, bí kò ṣe pé kò sí ọ̀nà kejì. Ká ní bọ́ọ̀sì kan wà, ìbáà jẹ́ ẹyọ kan péré, ọkọ̀ náà ì bá kú títí di ọ̀la, màmá ì bá sì ti dé ilé ìwòsàn. Èmi kò kórìíra ọkọ̀, ẹ má fi ẹ̀sùn yẹn kàn mí, mo ṣì ń wà á. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí ẹni tó yan ọkọ̀ níbi tí kò ti sí ohun mìíràn láti yàn. Àwọn kan ló ti bá wa yàn án. Nígbà tí Ààrẹ Eisenhower fọwọ́ sí òfin ọ̀nà márosẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1956, ọ̀nà tó gùn tó máìlì 41,000 ni wọ́n là kalẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì gbà láti san 90% owó rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣé òun ló pinnu pé ọkọ̀ ni òun yóò máa gbé lọ sí ibi gbogbo?

Àwọn olóṣèlú máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kan owó epo, nítorí ó rọrùn láti sọ lórí pèpéle. Ẹ wo Faransé ní oṣù kọkànlá 2018. Ìjọba fẹ́ fi kún owó orí epo nítorí àyíká, àwọn tó ń gbé ní ẹ̀yìn ìlú, tí wọn kò ní bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ ojú irin, wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè (yellow), wọ́n sì dí oríta. Kí oṣù kejìlá tó parí, ìjọba ti dá àfikún náà dúró. Stockholm, olú-ìlú Sweden, gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2005, bọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi kún. Ìgbà tí 2006 wọlé ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ń wọ àárín ìlú, gẹ́gẹ́ bí ìdánwò, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ará ìlú dìbò lé e lórí lẹ́yìn náà. Ó wà níbẹ̀ di òní. Ọ̀nà kejì ló ṣáájú, owó orí tẹ̀ lé e.

Ẹlòmíràn yóò ní kí a sáà sọ bọ́ọ̀sì di ọ̀fẹ́. Luxembourg ti ṣe é láti 2020, ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, bọ́ọ̀sì, tíráàmù àti ọkọ̀ ojú irin, síbẹ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣì pọ̀ níbẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù lọ. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ tí kò dé ní àkókò tí mo nílò rẹ̀ kò lè gbé màmá mi. Mo máa sanwó tayọ̀tayọ̀ fún èyí tó bá dé.

Láìpẹ́ yìí, olùdíje kan wá bá wa sọ̀rọ̀ ní àdúgbò. Ó sọ̀rọ̀ nípa owó epo, ó sọ̀rọ̀ nípa ibi tí a ó ti máa gba iná sí ọkọ̀, inú àwọn èèyàn sì dùn. Mo dìde, mo bi í pé aago mélòó ni bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ yóò máa kúrò ní àdúgbò wa láàárọ̀ bí wọ́n bá wọlé, àti pé inú àpò ìjọba wo ni owó rẹ̀ yóò ti jáde. Ó tún padà sórí owó epo. Mo tún un béèrè. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè méjèèjì yìí, kí ẹ sì dúró títí wọn yóò fi dárúkọ aago kan.