Ewé Pupa Kì Í Dá Ṣiṣẹ́

"Torí fíìmù lo ṣe pè mí ní aago mẹ́fà ìdájí? Ìgbà wo lo pe Màmá gbẹ̀yìn?"

Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, láti Mọ́lété n'Ìbàdàn. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni lọ́dọ̀ tèmi ní Calgary. Yìnyín ti dí ẹnu ọ̀nà wa láti ọjọ́ Jímọ̀, kò síbi tí mo lè lọ, mo bá ní kí n wo Resident Evil, eré tí Netflix fà yọ látinú géèmù, tí wọ́n gbé jáde ní 2022, èyí tí mo ti ń sá fún tipẹ́. Apá mẹ́jọ ni. Mo wò ó tán bí ẹni ń jẹ ẹ̀bà àná.

Ẹ̀yin tí ẹ gbá ìkẹrin géèmù yẹn lórí ẹ̀rọ PS2 mọ ẹni tí mo ń wá. Leon ni, akọni tí à ń darí nínú géèmù náà. Abúlé yẹn, ọkùnrin tó fi àpò borí, tó gbé ayùn ẹlẹ́ńjìnnì bíi ti àwọn agégẹdú lé wa kiri. Lẹ́yìn náà, agogo ṣọ́ọ̀ṣì á dún, gbogbo ará abúlé á pa ìjà tì, wọ́n á yí ẹ̀yìn padà bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pè wá jẹun.

Kí ni mo wá rí? Ọmọbìnrin méjì, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tí wọ́n ń bá bàbá wọn fa wàhálà ní New Raccoon City, ní South Africa. Ìtàn ń fò láti 2022 sí 2036, á tún fò padà, bíi Micra tó ń wá èrò ní Mọ́kọ́lá. Leon ò yọjú. Lance Reddick, òṣèré tó ṣe bàbá wọn, tó dolóògbé ní 2023, nìkan ló jẹ́ kí n lè jókòó. Ọkùnrin yẹn mọ iṣẹ́ ẹ̀. Netflix fúnra wọn ò fara dà á pé oṣù méjì kí wọ́n tó ní àwọn ò ṣe é mọ́, ó parí.

Àmọ́ ká sọ òótọ́, ewé ni mo ń wá. Nínú géèmù yẹn, bí wọ́n bá ṣe ọ́ léṣe, ewé lo máa lò. Lálẹ́ ọjọ́ kan, Màmá wa, tó ń ta egbòogi ní Bódè, dúró lẹ́yìn àga wa. Ẹ̀mí Leon kù díẹ̀ kó bọ́, ewé pupa nìkan ló sì wà lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n, kò ṣiṣẹ́. Màmá ò tiẹ̀ mọ ohun tí à ń ṣe. Ó ní, "Ìyẹn ò lè dá ṣiṣẹ́. Ẹ wá ewé tútù pò ó." A pò ó. Ara Leon yá pátápátá! Láti ọjọ́ náà, bó bá ń dì èèpo igi fún oníbàárà, á ké láti pálọ̀: "Ọmọ òyìnbó yẹn ńkọ́? Ara ẹ̀ ti yá?" Nígbà mìíràn iná á ti lọ ká tó dé ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tí wọ́n fi ń tọ́jú ibi tá a dé, gbogbo àgbo ọjọ́ náà á ṣòfò.

Mo ní kí Ẹ̀gbọ́n gbé fóònù fún Màmá.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, mà. Àkànbí."

Ó dákẹ́. Mo gbọ́ tó ń bi Ẹ̀gbọ́n léèrè: "Ta ni? Ohùn ẹ̀ jọ ti àwọn tó ń ka ìròyìn."

Mo rẹ́rìn-ín. Ní ibiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń tún ọ̀rọ̀ sọ kí wọ́n tó gbọ́, títí mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń la ẹnu. N ò mọ̀ pé ó ti bá mi wọ inú Yorùbá. Mo bá fi ohùn Mọ́lété sọ ọ́, tipátipá: "Màmá, sé ẹ ti jẹun?"

"Ta ló ń sín mi jẹ yìí?"

Ẹ̀rín yẹn ò jáde mọ́.

Ẹ̀gbọ́n gba fóònù. Ohùn òun náà ti rọ̀. Mo gbọ́ tó ń ṣàlàyé fún Màmá pé fíìmù géèmù yẹn ni, èyí tí wọ́n ti ń po ewé. Fóònù tún bọ́ sọ́wọ́ Màmá.

"Àkànbí! Ọmọ òyìnbó eléwé yẹn? Ara ẹ̀ yá?"

"Wọn ò fi í sí i, mà."

"Háà. Ta ni wọ́n wá ń wò?"