Ọkọ̀ àlùmíníọ́mù àtijọ́ tí mo sọ di ti ẹja àti ti ọdẹ

Ọkọ̀ yìí jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 14, rífẹ́ẹ̀tì (ìṣó kúkúrú tí wọ́n ń lu ìdí rẹ̀ kó má bàa yọ) ni wọ́n sì fi kàn án pọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, bí wọ́n ṣe ń kan ara bàálù. Kò yani lẹ́nu: iléeṣẹ́ Grumman ti Amẹ́ríkà tó ń ṣe bàálù ogun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àlùmíníọ́mù ṣe ọkọ̀ alájẹ̀ ní 1945.

Púpọ̀ nínú àwa tó ń tún irú ọkọ̀ báyìí ṣe, pèpéle àti àga tó ń yí la máa ń sáré sí. Èmi ò bá wọn lọ síbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Mo ká pákó ilẹ̀ kúrò, mo bá fóòmù tó ti mu omi yó. Mo tẹ̀ ẹ́, omi dúdú ń ṣàn láàárín ìka mi. Ohun tó yẹ kó mú ọkọ̀ léfòó ló ti di ẹrù! Mo kó gbogbo rẹ̀ dànù, mo fi èyí tí kì í fa omi rọ́pò.

Láti mọ ibi tó ń jò, inú ọkọ̀ ni mo da omi sí. Ẹ má bù ú kún o. Lítà 200 ti di kílò 200 nìyẹn, ẹ sì fi igi gbé ìdí rẹ̀ ró dáadáa. Mo wọ abẹ́ rẹ̀ tòun ti ṣọ́ọ̀kì, mo ń sàmì sí rífẹ́ẹ̀tì tó bá ń sun omi. Lẹ́yìn tó gbẹ, àbúrò mi ti irin wúwo mọ́ orí rífẹ́ẹ̀tì níta, èmi ń fi òòlù lu ìdí rẹ̀ nínú. Etí ló ń sọ fúnni pé ó ti fún: ìró tó ń dún gbò-gbò á di kán-kán.

Ní ti pákó ilẹ̀, ẹ sá fún èyí tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn ikán. Bàbà sábà máa ń wà nínú oògùn náà. Tí omi bá ti pa bàbà àti àlùmíníọ́mù pọ̀, àlùmíníọ́mù ni yóò máa dá ihò. Plywood lásán tí mo fi epoxy (oje tó máa ń le, tí kì í jẹ́ kí omi wọlé) bò ni mo lò, pẹ̀lú bóòtù stainless. Rọ́bà ni mo tẹ́ lé e. Kápẹ́ẹ̀tì ń di omi mú, ìwọ̀ ẹja sì ń há sí i, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò máa bíni nínú.

Iwájú nìkan ni mo ṣe pèpéle sí, ó sì rẹlẹ̀ ju etí ọkọ̀ lọ. Apẹja lè jókòó jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ á dìde lójijì, á yìnbọn, ìbọn á sì tì í sẹ́yìn. Tí ibi tó dúró sí bá ga jù, ọkọ̀ á fẹ́ dojú dé. Mo gbé bátìrì síwájú pẹ̀lú, torí ẹ́ńjìnnì àti awakọ̀ ti wà lẹ́yìn.

Ọ̀dà rẹ̀ dà bí ewé gbígbẹ, kò dán rárá, torí ẹyẹ ń rí ohun tó ń kọ mànà láti òkè.

Wọ́n ní kí n gé ìjókòó àárín kí àyè lè ṣí sílẹ̀. Mi ò gé e. Òun ló di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú.