Wọ́n Ń Gun Òkè, Wọn Kò Sì Gbàdúrà Níbẹ̀

Láti ìgbà tí mo ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn ará ilé ti ń bi mí pé kí ni mo ń wá lórí òkè ní Jámánì. Fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ló fà á. Màmá mi ló kọ́kọ́ bèèrè, nígbà tí mo ṣì wà lọ́hùn-ún: "Ṣé àdúrà lẹ lọ gbà ni?" Mo ní rárá. "Àbí oko wọn ló wà níbẹ̀?" Mo tún ní rárá. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ ṣáà rọra o."

Ẹ ò lè bá wọn wí. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá gun òkè ní ohun tó ń wá: ó ń gbààwẹ̀, ó ń wá ọmọ, ó fẹ́ kí físà jáde. Ní Garmisch-Partenkirchen, níbi tí mo ti ń gbé lọ́dọ̀ ìdílé kan, fàájì ọjọ́ ìsinmi ni gígun òkè. Ìtòsí ìlú yẹn ni Zugspitze wà, òkè tó ga jù ní gbogbo Jámánì, mítà 2,962. Láti ọdún 1930 ni rélùwéè ti ń gbé èrò gùn ún. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ ni ìdílé tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn máa ń fẹ́ fi gun òkè.

Màmá Òyìnbó, ìyá ilé náà, ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Wọ́n ní orúkọ wọn gan-an ni kí n máa pè, láìfi nǹkan kan ṣáájú rẹ̀. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Láàárọ̀ kùtù ọjọ́ tí a máa lọ, wọ́n wo bàtà kánfáàsì tí mo wọ̀, wọ́n mi orí, wọ́n lọ gbé bàtà ọmọ wọn obìnrin wá fún mi: ó bo ọrùn ẹsẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì rí gbágungbàgun bíi táyà katakata. Bàbá di búrẹ́dì dúdú, wàràkàṣì, ápù àti omi sínú báàgì, wọ́n tún di aṣọ òjò sí i, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀run mọ́ kedere.

Ẹ̀gbẹ́ pápá síkì, eré yíyọ̀ lórí yìnyín, tí wọ́n lò fún Olympics ọdún 1936 la ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, a sì dé Partnachklamm. Omi ló la àpáta sí méjì níbẹ̀, ògiri rẹ̀ ga ju mítà 80 lọ. Wọ́n wá gbẹ́ ọ̀nà tóóró sára àpáta náà, nǹkan bíi mítà 700. Ẹ óò máa tẹrí ba níbi tó rẹlẹ̀, omi ń hó nísàlẹ̀, òmíràn ń kán sí yín lọ́rùn látòkè, ẹ ò sì ní gbọ́ ohun tí ẹni tó wà níwájú yín ń wí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ aṣọ òjò ti yé mi. Bàbá ní láyé àtijọ́, odò yẹn ni wọ́n ń ju gẹdú sí kó gbé e sọ̀kalẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn la kọjú sí òkè Eckbauer, mítà 1,237. Pátákó yẹ́lò wà ní oríta, wákàtí ni wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe kìlómítà. Àmì róbótó tún wà lára irú pátákó bẹ́ẹ̀: búlúù fún ọ̀nà tó rọrùn, pupa fún èyí tó le díẹ̀, dúdú fún ti akin. Mo ti bẹ Bàbá pé ká má tọ dúdú. Ṣùgbọ́n wákàtí tí wọ́n kọ yẹn, ẹsẹ̀ tiwọn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ ọmọ tó ń gun ọ̀kadà láti ilé dé Tákíè kò sí nínú ìṣirò wọn. Màmá Òyìnbó ń gùn ún, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Èmi ń wá èémí.

Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni ìkíni. Nínú rélùwéè ní München, ẹ lè jókòó ti ènìyàn títí kó má wò yín lójú. Lórí òkè, gbogbo ẹni tí a pàdé ló kí wa, tọmọdé tàgbà. Àwọn kan tiẹ̀ dúró béèrè ibi tí mo ti wá. Ara mi balẹ̀ níbẹ̀ ju ìgboro lọ, mo sì gbà pé ìyẹn wà lára ohun tí wọ́n ń wá lọ.

Níbi tí a ti ń jẹun, Bàbá fi fèrè kékeré tó wà lára okùn báàgì hàn mí. Bí wàhálà bá dé, ẹ fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ á fi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta dáhùn. Tó bá di alẹ́, tọ́ọ̀ṣì lẹ ó máa tàn bẹ́ẹ̀.

Ìsọ̀kalẹ̀ le ju gígùn lọ. Orúnkún ló ń jìyà rẹ̀.

Wọ́n bi mí bóyá òkè wà lọ́dọ̀ wa. Mo ní Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ́jú ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n Adó-Àwáyè wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kan náà, níbi tí adágún omi wà lórí àpáta. Ọ̀rọ̀ ti dé orí pé wọ́n ń bọ̀ lọ́gbẹlẹ̀, kí òjò má baà mú kí àpáta máa yọ̀. A óò gba Ọ̀yọ́ jáde sí Ìsẹ́yìn, ká tó kọjú síbẹ̀. Màmá Òyìnbó ti ń béèrè iye wákàtí tí pátákó ibẹ̀ wí. Mo ní ọmọ ìlú ló ń mú àlejò gùn ún. Màmá mi ní àwọn náà á bá wa lọ, ṣùgbọ́n ìdí òkè ni àwọn á jókòó sí, ti kúlà oúnjẹ.