Ẹkùn tí kò gùn tó ìka mi

Ẹkùn tó wà lórí tábìlì mi báyìí, tẹ́ ẹ bá yọ ti ìrù kúrò, kò gùn tó ìka àárín mi. Ike ni, 1/35 ni òṣùwọ̀n ẹ̀, ìyẹn ni pé irú ẹ̀ 35 lẹ máa tò tẹ̀lé ara wọn kó tó gùn tó ẹkùn gidi kan. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo ti ń kùn ún, lálaalẹ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tí iná sì wà, màá fa àga, ó dìgbà tí ọrùn bá ń ro mí kí n tó dìde.

Ẹkùn tí mo kọ́kọ́ kùn, ọjọ́ kan péré ni mo fi parí ẹ̀. Mo kun yẹ́lò sí i lára, ó gbẹ, mo wá fi dúdú tọ́ àmì sí i. Àmì wà lóòótọ́ àmọ́ irun ò sí, ńṣe ló dà bíi pé mo fi aṣọ wé e, ó sì dùn mí gan-an torí mo fẹ́ràn ẹranko yẹn. Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn ni pé kò sẹ́ni tó tọ́ dúdú sórí irun ẹkùn, irun ọ̀hún fúnra ẹ̀ ló hù ní dúdú. Torí náà etí àmì kọ̀ọ̀kan ò gbọ́dọ̀ mọ́ roboto, ó gbọ́dọ̀ ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ síbi tí irun dojú kọ.

Ibo wá ni irun dojú kọ? Ajá ilé wa ni mo fi kọ́ ìyẹn. Ẹ fọwọ́ pa ajá yín lára, ẹ máa rí i: láti imú ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba àárín ojú gòkè lọ síwájú orí, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó lọ tààrà lórí ẹ̀yìn dé ìrù, níbi ìhà ó ń dagun wálẹ̀, tó bá wá dé ẹsẹ̀ ó kọjú sílẹ̀ pátápátá. Mo máa ń ya ọfà ẹ̀ sórí bébà kí n tó ṣí ọ̀dà rárá.

Ọ̀dà yẹn ẹ jẹ́ kó ṣàn, kó rí bíi tíì tí mílíìkì ẹ̀ ò pọ̀, kẹ́ ẹ sì nu búrọ́ọ̀ṣì sára tísù kó tó kan ẹkùn. Búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù kọ́ ni mò ń lò o, nọ́ńbà 1 tí ẹnu ẹ̀ mú dáadáa ni, torí ó ń gba ọ̀dà dúró, tíntìntín yẹn ti máa gbẹ kí ọwọ́ tó débẹ̀, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀ mi ò kí ń fọ́n primer alágolo, ìyẹn ọ̀dà tí wọ́n kọ́kọ́ ń fọ́n sára ike kí ọ̀dà tòótọ́ lè mú un, afẹ́fẹ́ olómi yẹn máa ń jẹ́ kó ṣe funfun bíi pé eruku bò ó.

Àwọ̀ tó ṣókùnkùn díẹ̀ ló ń ṣáájú, màá wá máa fi èyí tó mọ́lẹ̀ fa ìlà kéékèèké lé e. Ẹ má gbìyànjú àtifa gbogbo irun tán. Ìlà tó fẹ̀ ní mìlímítà 0.2, lára ẹkùn gidi mìlímítà 7 nìyẹn, irun kan ò sì nípọn tóyẹn láéláé, ìdì irun lẹ̀ ń kùn. Torí náà abẹ́ ọrùn àti ikùn tí irun ti gùn ni mo máa ń fa ìlà sí jù, ẹ̀yìn ò gbà ju díẹ̀ lọ.

Àmì wá ńkọ́? Ti ìhà àti ẹ̀yìn dà bí òdòdó, mo máa ń tọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin yíká, kó má pàdé tán, inú ẹ̀ á sì ṣókùnkùn ju ìta lọ díẹ̀. Ti orí, ẹsẹ̀ àti ikùn dí pa. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tọ́ kókó dúdú sínú òdòdó yẹn, jaguar, ẹranko tó jọ ẹkùn tó wà ní Bràsíl, ló ni ìyẹn, ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i lára ẹkùn ilẹ̀ Áfíríkà. Dúdú ọ̀hún náà, mo máa ń po búráùn mọ́ ọn, funfun ikùn sì jẹ́ kírímù. Tí gbogbo ẹ̀ bá gbẹ, búráùn tó ṣàn bí omi lásán ni màá fi bo gbogbo ara kí àmì àti irun lè jọ wọlé síra wọn, ojú àti imú nìkan ni màá kun vánìṣì tó ń dán sí.

Ìhà òsì ti parí lálẹ́ àná. Mi ò ní wo ìyẹn ṣe tọ̀tún o, torí lára ẹkùn gidi àmì ìhà méjèèjì kì í bára mu. Mo ti wá fọ́tò ìhà ọ̀tún, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tábìlì, ọ̀la ni màá bẹ̀rẹ̀ láti èjìká.