Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́jọ́ tí kódù mi sọ ₦150,000 di ₦150

Ọ̀rọ̀ yìí ò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ọkàn mi ò sì tíì balẹ̀ tán. Mo ń kọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka fáìlì báńkì ní ìlà kọ̀ọ̀kan, tí ẹ ń sọ ìlà kọ̀ọ̀kan di object (àpò dátà kan nínú kódù), tí ẹ sì gbà pé bí kódù ò bá ti pariwo, iṣẹ́ ti pé nìyẹn. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan n'Ìbàdàn ló ní kí n bá àwọn kó àkọsílẹ̀ àwọn kúrò nínú ìwé bọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Báńkì wọn máa ń fi fáìlì CSV, ìyẹn fáìlì tí kọ́mà ń pín àyè inú rẹ̀, ránṣẹ́ lóṣooṣù: ọjọ́, nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́, àlàyé, iye owó. Java, èdè kọ̀ǹpútà kan, ni mo lò. BufferedReader ń bá mi mú ìlà kan wá lẹ́ẹ̀kan, mo ń fi split gé e níbi tí kọ́mà bá wà, mo sì ń kó ègé rẹ̀ fún constructor (apá kódù tó ń dá object sílẹ̀) class tí mo pè ní Idawo. Fáìlì tí mo fi dán an wò, èmi ni mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́: 500, 800, 900. Ó ṣiṣẹ́. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ mo kó fáìlì oṣù mẹ́fà sí i, mo wo ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́, ó dára, mo tẹ àbájáde rẹ̀ sórí ìwé fún akọ̀wé.

Ọjọ́ Sátidé ni ìpàdé. Màmá kan tó ń ta àlùbọ́sà ní ọjà Bódìjà ló kọ́kọ́ dìde. Ẹ̀yáwó ₦300,000 ni wọ́n ń fẹ́, torí ọkọ̀ àlùbọ́sà kan ń bọ̀ láti òkè Ọya. Òfin ẹgbẹ́ ni pé ìlọ́po méjì owó tí èèyàn bá ní nílẹ̀ ni wọ́n lè yá a. Akọ̀wé wo ìwé tí mo tẹ̀. Ó tún un wò. Ó ní, "Màmá, àádọ́jọ náírà ni mo rí níbí o."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n yọ ọ̀rá kan jáde, wọ́n yọ káàdì ìdáwó wọn nínú ọ̀rá náà, etí rẹ̀ ti ń fàya, wọ́n sì ń fi ìka tọ àwọn òǹtẹ̀ orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, títí ó fi pé mẹ́fà. Wọ́n wá kọjú sí mi. "Ọmọ mi, ṣé torí àádọ́jọ náírà ni mo ṣe ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, ẹ jẹ́ n yẹ̀ ẹ́ wò." N ò tíì dìde tán tí bàbá kan tó ń ta irin ìkọ́lé fi bèèrè tiwọn. Wọ́n san ₦1,200,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Náírà kan ló wà nínú ìwé mi. Ariwo wá ta, ẹnì kan sì pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ bi akápò!"

Ibẹ̀ ló dùn mí jù. Ọdún kọkànlá rèé tí bàbá akápò ti ń di àpò ẹgbẹ́ yẹn mú, kọ́bọ̀ kan ò sọnù lọ́wọ́ wọn rí. Wọn ò fọhùn. Wọ́n kàn ká ọwọ́ lé àyà, wọ́n ń wo ilẹ̀. Títí di òní, bí mo bá di ojú, mo ṣì ń rí wọn bí wọ́n ṣe jókòó.

Ìlà ti màmá rèé, bí báńkì ṣe kọ ọ́:

01/04/2025,0147,IDAWO OSU KETA,"25,000.00"

Kọ́mà tó wà nínú 25,000.00, ara owó ni. Ìdí rèé tí báńkì fi fi àmì àyọlò ká a mọ́. Ṣùgbọ́n mo ti yọ àmì àyọlò dànù kí n tó gé ìlà náà, torí ó ń dí parseDouble, tó ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà, lọ́wọ́. Split bá gé owó màmá sí méjì: 25 bọ́ sí àyè iye owó, 000.00 di ègé karùn-ún tí kódù mi ò bèèrè. Nọ́ńbà gidi ni 25, constructor gbà á, kò sí exception, ìyẹn igbe àṣìṣe. Oṣù mẹ́fà, 150. Ẹni tó ń dá ₦800 ò ní kọ́mà nínú owó tirẹ̀, tirẹ̀ pé.

Mo tún rí ìdáwó mọ́kànlá tí kò wọlé rárá. Ẹnì kan ní báńkì ti tẹ Enter láàárín àlàyé, record kan (àkọsílẹ̀ ìdáwó kan) wá di ìlà méjì, méjèèjì bàjẹ́, catch, ibi tí kódù ti ń gba exception, tí mo kọ tí n ò fi nǹkan kan sínú rẹ̀ sì gbé wọn mì. RFC 4180, ìwé tó ṣàlàyé bí CSV ṣe rí, ti sọ ọ́ láti ọdún 2005 pé kọ́mà àti ìlà tuntun lè wà láàárín àmì àyọlò. Ìlà kan kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ record kan. Ẹnikẹ́ni má wí fún mi pé ọ̀lẹ ni mí: split ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí fáìlì gidi á fi dé.

Mo tún un kọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn pẹ̀lú Apache Commons CSV, kódù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún kíka CSV, BigDecimal tó ń pa owó mọ́ láìyẹ̀ rọ́pò double tó lè yẹ̀ díẹ̀, gbogbo owó bọ́ sípò lọ́jọ́ Ajé, màmá gba ẹ̀yáwó wọn, alága sì bẹ bàbá akápò níwájú ẹgbẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ jù lọ rèé: ẹ ṣe àpapọ̀ kí ẹ tó kọ ohunkóhun sínú database (ibi ìpamọ́ dátà). Báńkì kọ àpapọ̀ owó sí ìsàlẹ̀ fáìlì kọ̀ọ̀kan. Mo rí ìlà yẹn. Mo fò ó, torí kò ní nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́. Ká ní mo fi wé àpapọ̀ tèmi ni, ǹ bá ti mọ̀ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, nínú yàrá mi, láìsí ẹni tó máa fẹ̀sùn kan akápò. Màmá alálùbọ́sà kì í kúrò níbi àtẹ láìka owó ọjọ́ náà.

Ẹ má fi ọwọ́ gé CSV. Ẹni tó bá ń lo Python, module csv wà níbẹ̀, kí ó sì fi newline='' ṣí fáìlì náà. Bí ó bá jẹ́ dandan kí ẹ lo split Java, ẹ rántí pé ó ń ju àwọn àyè òfìfo tó wà ní ìparí ìlà nù, àfi tí ẹ bá fi -1 sí i.

Ẹ jẹ́ kí constructor kọ̀ láti gba ohun tí kò yé e. Tèmi ń retí ègé mẹ́rin báyìí. Bí ó bá di márùn-ún, ó ń ju exception pẹ̀lú nọ́ńbà ìlà náà, kò sì sí catch òfìfo mọ́. Ṣùgbọ́n constructor tó le jù lọ náà á gba 25 bí ègé bá pé mẹ́rin. Àpapọ̀ ni kò ní gbà á.

Bí orúkọ èèyàn bá wà nínú fáìlì yín ńkọ́? Lórí Windows, Java tó ṣáájú 18 lè ka "ẹ" bí "áº¹" bí ẹ ò bá sọ fún un pé UTF-8 (ọ̀nà tí wọ́n gbà fi lẹ́tà pamọ́) ni. Ẹ kọ UTF-8 síbi tí ẹ ti ń ṣí fáìlì náà.

Fáìlì oṣù tó kọjá wọlé láàárọ̀ yìí. Mo ṣe àpapọ̀ rẹ̀, ó bá ti báńkì mu, mo sì fi ránṣẹ́ sí bàbá akápò. Mo dúró títí wọ́n fi fi ìwé tiwọn yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n ní ó pé, kí n tó kó o wọlé.