Mo padà sí Festac, mẹ́gàádì bi mí pé ta ni mo wá wá

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yin tíréènì ná. Láti Marina dé Mile 2, mo jókòó jẹ́ẹ́, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí mi lára, kọ̀ńdọ́kítọ̀ kankan ò pariwo ṣéńjì mọ́ mi létí. Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ báyìí, oníkẹ̀kẹ́ ní kí n mú 1,500 wá kó tó gbé mi dé 2nd Avenue, ó ní dírọ́ọ̀pù ni. Dírọ́ọ̀pù wo? Mo dúró títí èrò fi pé.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tá a kó dé Festac ní 1978. Àwọn àlejò tó wá ṣe FESTAC '77, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tó wáyé láti 15 January sí 12 February 1977, ni wọ́n kọ́ àwọn ilé yẹn fún, nígbà tí oníjó àti onílù sì lọ tán, ìjọba ní kí aráàlú wá ta báláàtì. Bàbá mi jẹ báláàtì yẹn! Nínú kọ́bọ́ọ̀dù, màmá mi rí ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀, kò jẹ́ ká fọwọ́ kàn án, ó ní a ò mọ orílẹ̀-èdè tó ti wá.

Mushin la ti wá o, níbi tá a ti ń tò sídìí kànga láti ìdájí. Omi ń yọ nínú ẹ̀rọ ní Festac, wáyà iná sì ń gba abẹ́ ilẹ̀, kò sí òpó kankan tó máa há káìtì wa lọ́run. Àbúrò màmá mi wá kí wa, ó wòkè, ó wòkè, ó ní níbo gan-an niná yín ń gbà wọlé? Bàbá mi sì kọ́ wa pé a ò lè sọnù láéláé, torí nọ́ńbà títì fúnra ẹ̀ ló ń sọ avenue tó wà, 22 Road, 2nd Avenue nìyẹn.

Mi ò sọnù lóòótọ́. Ẹsẹ̀ mi mọ̀nà dé close wa, àfi bí mo ṣe bá géètì ńlá níbẹ̀, tí mẹ́gàádì kan tí mo lè bí lọ́mọ ní, "Mummy, ta lẹ wá wá?" Mo ní mo wá wo ilé wa ni. Ó ní nọ́ńbà mélòó? Mo ní mẹ́jọ. Ó ní àwọn ti nọ́ńbà mẹ́jọ ò sọ fóun pé àwọn ń retí àlejò. Òótọ́ ni, bàbá mi ti ta ilé náà ní 2003 nígbà tó ń padà s'Íjẹ̀bú, àmọ́ inú bí mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí ẹni tí wọ́n jà lólè, mo ní kó o tó dáyé ni mo ti ń gun igi tó wà lẹ́yìn ẹ yìí, ó wẹ̀yìn, kò sí igi níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ló wà níbẹ̀.

Ariwo yẹn ló mú màmá kan yọjú lókè. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Àbí Bọ́sẹ̀ ẹlẹ́kún kọ́ nìyẹn?"

Ẹkún náà ni mo sun. A jókòó fún wákàtí méjì, wọ́n ń sọ ẹni tó kú àti ẹni tó lọ Amẹ́ríkà fún mi, wọ́n ní omi ẹ̀rọ ti di ìtàn, mẹ́ruwa làwọn ń dá dúró báyìí. Géètì yẹn náà, àwọn ló ní kí wọ́n ṣe é lẹ́yìn tí àwọn olè wọlé wọn lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò rí nǹkan sọ sí i.

Kí n tó lọ, mo ra ẹja yíyan. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ bèèrè iye ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sórí iná, torí tó bá ti jinná, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. 12,000! Ata ẹ̀ dùn ṣá, mi ò lè purọ́. Mo wé e dáadáa kí n tó wọ tíréènì, síbẹ̀ obìnrin tó jókòó tì mí gbóòórùn ẹ̀, ó ní níbo ni mo ti rà á. Mo ní Festac. Ó ní èló?

Mo ṣe bíi pé fóònù mi ń dún.