Èrè ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa ibi tí owó ń gbà jáde

Òkun o, ẹ̀yin ará wa láti Kàbà dé Ìsánlú ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Ẹni tó bá fẹ́ dá oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, kó má fi iye tó gbìn ṣírò èrè. Bí a bá fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sáàárín ìdí kan sí èkejì níbùú lóròó, éékà kan ń gba bí ìdí 435. Atẹ́gùn òjò àkọ́rọ̀ á wó òmíràn, kòkòrò á lu ìdí òmíràn. Ìdámárùn-ún ni mo máa ń yọ kúrò. 348 tó kù ni mo fi ń ṣírò owó tó máa wọlé.

Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìyẹn èhù ìdí rẹ̀ tí a ń gbìn, èyí tí ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí idà ni kẹ́ ẹ rà. Eléwé gbàǹgbà máa ń wu ojú, àmọ́ ìdí rẹ̀ kò lágbára. Ẹ bó ìdí ọmọ náà títí yóò fi funfun, kẹ́ ẹ ju èyí tó bá lihò nù. Ẹ wá rì í bọ omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀, kó má baà jinná. Igi ìdáná nìkan lèyí ń náni, ó sì ń pa aràn àti kòkòrò tó ń run oko lọ́dún kejì. Ó máa ń dùn mí pé iṣẹ́ yìí gan-an làwọn èèyàn ń fò.

Omi ló ń jẹ èrè jù lọ́dọ̀ wa. Bí òjò bá ti dá ní nǹkan bí Oṣù Kọkànlá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá so nínú ọ̀gbẹlẹ̀ á so kéékèèké. Ẹ wá ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ àkùrọ̀ tí omi kì í dúró sí. Bó tilẹ̀ wọ́n, ó sàn ju kéèyàn máa ra epo bẹntiróò sẹ́nu ẹ̀rọ afàmi lójoojúmọ́. Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ro etí oko mọ́ yíká nítorí iná ìgbẹ́.

Ẹ gbin ẹ̀gúsí sáàárín rẹ̀ lóṣù mẹ́rin àkọ́kọ́: ó ń bo koríko mọ́lẹ̀, owó rẹ̀ á sì san ti alágbàṣe. Ẹ̀gẹ́ ò dáa níbẹ̀, oúnjẹ ilẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń jà sí.

Ìyá, ọmọ, ọmọ-ọmọ: mẹ́ta péré ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ nídìí kan, kẹ́ ẹ gé ìyókù. Lọ́dún kejì, a ò ra ọmọ mọ́, a ò gbẹ́ ihò mọ́; ìgbà yẹn ni èrè ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bẹ́ ẹ nígbà tí igun ara èso bá ti kún di róbótó, àmọ́ tí kò tíì pọ́n. Kẹ́ ẹ sì bá alájàpá parí ọ̀rọ̀ owó kí àdá tó kan igi, torí ẹni tó ti bẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ kò lè bá alájàpá ná ọjà pẹ́.